Ìkìlọ̀: Kì í ṣe ọyẹ́ ló pa ẹ̀rọ tí wọ́n tà fún yín

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì tí ẹ ń wá metal detector (ẹ̀rọ tí ń wá nǹkan onírin lábẹ́ ilẹ̀) rà lásìkò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ìgbà ọyẹ́ ni ọjà ẹ̀rọ yìí máa ń yá: wọ́n ti kórè tán, koríko ti gbẹ, ilẹ̀ hàn gbangba. Ìgbà yẹn náà ni àwọn oníjìbìtì máa ń jáde. Wọ́n á ta ẹ̀rọ tí kò lè rí ìṣó lásán fún yín. Bí ẹ bá padà lọ bá wọn, wọ́n á ní òtútù ọyẹ́ ló mú un, kí ẹ ní sùúrù di ìgbà ooru. Nígbà tí ooru bá fi máa dé, nọ́ńbà wọn ò ní lọ mọ́.

Irọ́ ni ọ̀rọ̀ òtútù yẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń wá owó onírin àtijọ́ máa ń lo ẹ̀rọ wọn nínú oko láti ìgbà ìkórè títí wọ inú òtútù, nígbà tí yìnyín ti bo koríko. Bí ilẹ̀ bá dì, ṣọ́bìrì ni kì í wọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bátìrì ni òtútù máa ń jẹ. Bátìrì alkaline máa ń pàdánù agbára púpọ̀ bí òtútù bá ti sún mọ́ èyí tó ń mú omi dì. Ní Jọ́ọ̀sì, òwúrọ̀ ọyẹ́ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 10 sí 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti Àbújá tún lọ́wọ́ọ́wọ́ ju ìyẹn lọ. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ lè mú kí bátìrì tètè rẹlẹ̀ díẹ̀, kò lè sọ ẹ̀rọ di odi. Ẹ fi bátìrì tuntun sí i, kí ẹ tọ́jú èyí tó kù sínú àpò tó sún mọ́ ara. Bí ẹ̀rọ náà ò bá dún síbẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe òtútù ló mú un.

Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe gan-an yàtọ̀. Eruku máa ń wọ ihò tí okùn kọ́ìlì (orí roboto ẹ̀rọ tó ń sún mọ́ ilẹ̀) ti ń wọlé, ó sì máa ń há sáàárín kọ́ìlì àti ike tó bò ó nísàlẹ̀. Erùpẹ̀ pupa agbègbè yìí ní irin nínú, díẹ̀ tó bá há síbẹ̀ á mú kí ẹ̀rọ máa ké lásán. Ẹ tú ike náà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn ọ́n. Bákan náà, òwúrọ̀ tutù, ọ̀sán gbóná, ìyàtọ̀ yẹn sì máa ń yí ground balance (bí a ṣe ṣètò ẹ̀rọ kó má fi ké sí erùpẹ̀ lásán) padà. Bí oòrùn bá ti mú, ẹ tún un ṣe: ẹ máa gbé kọ́ìlì sókè sódò lórí ilẹ̀ tí kò sí irin lábẹ́ rẹ̀ títí ohùn á fi rọlẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ náà máa ń dín bí ẹ̀rọ ṣe ń rí jìn sísàlẹ̀ kù díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún jù ni ẹ̀rọ eríà: ọ̀pá irin kan tàbí méjì tó ń yí lórí ohun tí a dì mú lọ́wọ́. Wọ́n á ní ó ń rí wúrà láti mítà 500, pé ẹ kàn máa yan "gold" tàbí "diamond" lójú rẹ̀ ni. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá tó dúró lórí ìdí tẹ́ẹ́rẹ́ á yí bí ọwọ́ bá tẹ̀ díẹ̀, ẹni tó mú un dání ò sì ní mọ̀ pé ọwọ́ òun ló tẹ̀. Irú rẹ̀ ni ADE 651 tí James McCormick, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tà fún ìjọba Ìráàkì pé ó ń wá bọ́ǹbù. Ohun ìṣeré tí wọ́n ń tà fún wíwá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2013, ilé-ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Irú ẹ̀rọ yẹn náà ni wọ́n ń tà fún yín lórí WhatsApp báyìí.

Ẹ̀rọ gidi ní kọ́ìlì roboto tí a ń gbé sún mọ́ ilẹ̀. Owó onírin kan, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ló ń rí i dé. Irin tó tóbi tó ìkòkò, bíi mítà kan. Ẹni tó bá sì sọ pé tòun ń rí wúrà nìkan, irọ́ ló ń pa, nítorí wúrà kékeré, ìdérí agolo ọtí àti bébà fọ́ìlì sábà máa ń fi nọ́ńbà kan náà hàn lójú ẹ̀rọ.

Ẹ má ṣe dán ẹ̀rọ wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Irin wà nínú kọ́ńkéré ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ bọ́ síta, kí ẹ yọ fóònù àti aago kúrò lára. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ idẹ kan àti ìṣó oníńṣì mẹ́rin dání. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí kọ́ìlì, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dún kedere, ní àlọ àti ní àbọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ohùn ìṣó máa ń yàtọ̀ sí ti kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ da abọ́ ike mẹ́wàá dojú dé, kí ẹnì kan fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ọ̀kan (fún ẹ̀rọ eríà, òrùka wúrà ni kí ẹ lò), kó sì kúrò níbẹ̀ pátápátá kí olùtajà tó dé, torí ojú ẹni tó mọ ibẹ̀ lè sọ ọ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹni tó ń méfò lásán á bá a pàdé bí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀rọ gidi ò gbọdọ̀ tàsé rẹ̀ rárá. Olùtajà tó bá ní òun ò ṣe irú àdánwò bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ibi tí òun fúnra rẹ̀ rì nǹkan sí tó wá ń "wá a rí", ìyẹn kì í ṣe àdánwò.

Ayédèrú Minelab àti Garrett, àwọn ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ nínú ṣíṣe metal detector, náà wà. Ara rẹ̀ jọ ti gidi, inú ni ò jọ. Ẹ ya fọ́tò serial number, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gan-an kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ pupa: ayédèrú sábà máa ń ké láìdákẹ́ níbẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá jẹ́ ìdajì iye tí wọ́n ń tà á níbòmíràn, ìdí wà.

Èyí tó dùn wá jù ni ìpolówó "ẹ̀rọ tí ń wá ère Nok". Ère àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe ni ère Nok. Metal detector ò lè rí amọ̀, kò lè rí òkúta, kò lè rí ìlẹ̀kẹ̀. Ní Taruga, nítòsí Àbújá, ìdàrọ́ (pàǹtí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n yọ́ irin) àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ló wà nílẹ̀, ìdàrọ́ àti ibi tó dùbúlẹ̀ sí gan-an ni àwọn onímọ̀ sì fi ń mọ bí iṣẹ́ irin ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Bí a bá ti hú u láìkọ ibi tó wà sílẹ̀, ìmọ̀ yẹn ti sọnù nìyẹn. Òfin tún wà: Decree 77 ti ọdún 1979, tó dá àjọ National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wa ilẹ̀ fún ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ. Àjọ náà ló ń fúnni ní àṣẹ. Olùtajà tó bá ní "lísẹ́ǹsì" wà nínú páálí ẹ̀rọ, ayédèrú ìwé ló fẹ́ fi kó yín sí wàhálà. Ère Nok, iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ àti àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ sì wà nínú Red List (àkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ tí àwọn olè ń lépa) tí ICOM, àjọ àgbáyé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, gbé jáde ní ọdún 2000, kò sí bí ẹni tó rà wọ́n lọ́nà ẹ̀yìn ṣe máa sùn dáadáa. Bó bá jẹ́ òrùka tó sọnù, páìpù abẹ́ ilẹ̀ tàbí ìṣó inú pákó ni ẹ fẹ́ wá, ẹ̀rọ náà wúlò gidi. Ẹ ṣáà gba àṣẹ onílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí Mai Unguwa, olórí àdúgbò, mọ̀ yín, torí ẹni tó gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ igbó lókè ọ̀hún lónìí, àwọn ṣọ́jà lè fura sí i.

Ẹ má san àsansílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń bọ̀ ní wébìlì láti Kánò. Bí ẹ bá san ìdajì, wọ́n á tún bèèrè owó kọ́sítọ́ọ̀mù, lẹ́yìn náà owó "activation code". Ẹ̀rọ gidi ò nílò kóòdù kankan kó tó dún. Bí ẹ bá ti sanwó ná, ẹ pe báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an pé kí wọ́n bá yín dá owó dúró ní àkáǹtì tó wọlé sí, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sùn àwọn ọlọ́pàá àti FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní Àbújá. Rìsíìtì tiransífà, fọ́tò serial number àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp ni ẹ̀rí yín. Ẹ má pa á rẹ́ bí wọ́n tilẹ̀ ti block yín. Bí ẹlòmíràn bá sì wá bá yín lọ́la pé òun lè gba owó náà padà bí ẹ bá san nǹkan díẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n.