Ìwé ìdánrawò tense àti káàdì 'if' tí mo rà ní Sápọ́n

Ẹni tó bá ń wá ìwé tí yóò dá kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó má wulẹ̀ ra eléyìí. Àmọ́ bí ẹ bá lè jókòó ti ọmọ díẹ̀ lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán, owó yín ò ní ṣòfò.

Ìwé náà ò nípọn. Tense, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fi àkókò hàn, ló wà ní ìdajì àkọ́kọ́, gbólóhùn 'if' ló wà ní ìdajì kejì, káàdì sì wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn rẹ̀. 3,500 náírà ni wọ́n pè é. Mo ná an títí, ọmọkùnrin tó ń tà á kàn ń sọ pé, "Mọ̀mí, ẹ fọwọ́ kan bébà ẹ̀ ná." 200 náírà péré ló yọ níbẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin tó ń múra fún Common Entrance ni mo rà á fún. Ohun tó ń da àwọn ọmọ láàmú nínú tense ò ṣòro mọ̀. 'Lọ' tiwa kì í yí padà: mo lọ lánàá, mo ń lọ, mo ti lọ, màá lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọmọ sọ 'go' di 'went', kó tún sọ ọ́ di 'gone', kó tó wá kan 'put' tí kì í yí rárá. Ọmọ tó bá ti há 'went' sórí, "I didn't went" ni yóò máa sọ, ṣebí ọ̀rọ̀ àná ni. Ibí ni ìwé yìí ti gbà mí. Ó fi 'did' sínú àpótí, ó fa ìlà láti ibẹ̀ dé ara 'go', ó ní 'did' ti gbé àná lọ, kí 'go' sinmi. Bí ọmọ mi bá ti fẹ́ ṣì í báyìí, mo kàn ń bi í pé, "Ta ló gbé àná?" ni, á tún un sọ.

Wọn ò sọ nǹkan kan nípa 'read', tí wọ́n ń kọ bákan náà, tí tàná rẹ̀ sì ń dún bí 'red'.

Káàdì yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn. Ìdajì gbólóhùn wà lórí búlúù, ìdajì kejì wà lórí yẹ́lò, kí ọmọ so wọn pọ̀. Ọmọ mi mú "If it rains", ó so "we would stay inside" mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní JSS 2 já a gbà: "'Will' ni jàre! 'Would' ń wá 'rained'." Ariyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Èmi ò dá sí i, torí ìyẹn ni mo sanwó fún.

Àpẹẹrẹ wọn ló ń bí mi nínú. "If it snows, we will ski." Ní Abẹ́òkúta níbí? Mo fi bírò pa á rẹ́, mo kọ "If it rains, we will not climb Olumo Rock" síbẹ̀, torí àpáta ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀.

Ibi 'had' àti 'would have' ni mo ti ń retí wàhálà, kò sì sí púpọ̀. Mo ní, "Ká ní a tètè jáde ni, à bá ti rí bọ́ọ̀sì wọ̀ ní Kútọ̀." Mo ní kí ọmọ mi fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ fún mi: "If we had left early, we would have caught the bus." Ọmọ tó ń gbọ́ 'ìbá' nílé ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ kó tó kan ìwé. Àwọn tó kọ ọ́ ò ronú kan ìyẹn.

Ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé lo "If I was" níbì kan, "If I were" níbòmíràn, láìsàlàyé. 'Were' ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Ohun tó burú jù ni pé gbogbo rẹ̀ kò ju kí ọmọ dí àlàfo lọ. Ọmọ mi dí i, ó gba máàkì, àmọ́ nígbà tí mo ní kó ròyìn bí a ṣe lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, 'went' ló fi bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tó fi ń sọ pé "the woman bring another one". Ìròyìn ẹnu báyìí ni mo fi ń kún un lálẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ tú ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ wò níwájú ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó. Nínú tiwa, búlúù kan ò ní yẹ́lò tirẹ̀.