Àrá àti kọ̀ǹpútà ilé: surge protector, stabilizer, gáàdì tàbí UPS, èwo ni kí ẹ ra?

Bí ẹ bá wọ Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ọjà Alaba, tí ẹ ní ẹ ń wá ohun tí àrá kò fi ní ba kọ̀ǹpútà yín jẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan náà polówó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣẹ́ wọn kò jọra rárá. Ẹlòmíràn á ra èyí tó wọ́n jù, àrá á ṣì pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, torí pé wọn ò ṣe ohun tó rà yẹn nítorí àrá.

Ohun méjì ló ń gba orí wáyà wọlé lásìkò ìjì. Èkíní ni àrá gan-an. Kò dìgbà tó bá sán lu òrùlé yín. Bó bá sán lu ọ̀pó iná ládùúgbò, tàbí tòsí ibẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì lè sáré gba orí wáyà dé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kì í pẹ́ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń kọjá. Èkejì ni iná NEPA tó ga jù. Atẹ́gùn lè já wáyà neutral (èyí tí iná ń gbà padà) lórí ọ̀pó, iná tó yẹ kó jẹ́ 230 fólítì á wá máa gòkè lọ sí 400, kò sì ní í sọ̀ títí ẹnì kan yóò fi pa á. Ẹni tó ti rí i kí gílóòbù tàn yòò kó tó bú mọ ohun tí mò ń sọ. Ti àkọ́kọ́ yára ju ohun tí gáàdì lè rí lọ. Ti ìkejì pẹ́ ju ohun tí surge protector lè fara dà lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ fi wọn gbogbo wé ara wọn nìyẹn.

Surge protector

Òun nìkan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n dìídì ṣe nítorí àrá. Ohun pẹlẹbẹ róbótó kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MOV. Bí iná bá wà ní ìwọ̀n rẹ̀, kò ní í ṣe nǹkan kan. Bí fólítì bá fò sókè lójijì, á là lójú ẹsẹ̀, á sì darí agbára náà gba inú neutral àti wáyà ilẹ̀ (earth) kọjá kó má bàa dé ara kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ló rí, lílò ló ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tó bá tán, iná á ṣì máa jáde nínú àpótí náà, kọ̀ǹpútà á máa ṣiṣẹ́, kò sì ní í sí ààbò kankan mọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní í ra èyí tí kò ní gílóòbù kékeré tí wọ́n kọ Protected sí lára. Bí gílóòbù yẹn bá kú, ẹ lọ ra òmíràn.

Ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ dáadáa. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye joule sí i, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó lè gbà mọ́ra: 1,000 ni kó kéré jù fún kọ̀ǹpútà, 2,000 sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá sí joule kankan níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èkìtẹ́ńṣàn lásán, bí wọ́n tilẹ̀ kọ Surge gàdàgbà sójú rẹ̀. Fúúsì 13A inú plọ́ọ̀gì náà kì í dá àrá dúró. Kó tó já, àrá ti kọjá.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Iná 120 fólítì ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, MOV inú surge protector wọn á sì ka iná wa sí àrá. Bí ẹ bá fi sí sọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, ó lè gbiná. Bí ẹ̀gbọ́n yín ní Houston bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, kó fi owó ránṣẹ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà yìí, iná wọn àti ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn bá tiwa mu.

Wáyà ilẹ̀ ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ilé àyágbé, ihò kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, wáyà kankan kò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Surge protector á ṣì ṣe díẹ̀ láàárín live àti neutral, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Kí ẹ tó náwó, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná yẹ̀ ẹ́ wò.

Stabilizer

Èyí ni àwọn èèyàn ń rà jù, òun náà ló sì wúlò kéré jù fún ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí. Iná tó lọ sílẹ̀ ló ń gbé sókè, ó sì ń rọra fa èyí tó ga díẹ̀ wálẹ̀. Kó tó yí padà, àrá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ẹ wo ara ṣájà láptọ́ọ̀pù yín: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 100–240V ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé háàfù kọ́rẹ́ǹtì kò dà á láàmú, owó stabilizer á sì jẹ́ àfiṣòfò. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé 220–240V nìkan lòun ń lò ló nílò rẹ̀, níbi tí iná kì í ti í tó.

Gáàdì

TV Guard, Fridge Guard, irú èyí tí iléeṣẹ́ Sollatek ń ṣe. Bí iná bá ga jù tàbí tó lọ sílẹ̀ jù, á já a pátápátá, á dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá padà sípò, kó tó tún gbé e wọlé. Òun ló ń gbani lọ́wọ́ 400 fólítì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Surge protector lásán kò lè ṣe é: MOV inú èyí tí kò dára á gbóná títí á fi jóná. Owó gáàdì kì í sì í pọ̀.

UPS

Àǹfààní UPS ni pé kọ̀ǹpútà kò ní í kú lójijì bí NEPA bá múná lọ. Èyí tó wọ́pọ̀, 650VA, á gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ẹ lè tọ́jú iṣẹ́ yín kí ẹ sì pa á. MOV tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń kéré. Oníláptọ́ọ̀pù ti ní bátìrì tirẹ̀, nítorí náà kò nílò rẹ̀ àfi fún router. Bátìrì UPS kì í pẹ́ nínú ooru wa. Ẹ béèrè iye tí bátìrì tuntun jẹ́ kí ẹ tó ra odindi UPS.

Èyí tí kò náni ní nǹkan kan

Yíyọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Pípa switch kò tó, torí àlàfo inú rẹ̀ kéré débi pé àrá lè fò ó kọjá. Àwọn ìyá wa tó máa ń fi aṣọ bo dígí bí òjò bá ṣú, tí wọ́n sì ń ní ká yọ tẹlifíṣọ̀n: ti dígí kò kàn wá níbí, ti tẹlifíṣọ̀n tọ̀nà gidi. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí àrá ṣì ń kùn lókèèrè. Bó bá ti ń sán lórí yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ yọ wáyà dish àti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó lọ sára kọ̀ǹpútà náà, torí àrá ń gba ibẹ̀ wọlé pẹ̀lú. Okùn fiber kì í gbé iná, àmọ́ ṣájà router rẹ̀ wà lára ògiri bíi ti ìyókù.

Bí ẹ bá ń lo láptọ́ọ̀pù, ẹ ra gáàdì àti surge protector tó dára, ó parí. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kó fi UPS kún un. Onílé tí iná rẹ̀ ní wáyà ilẹ̀ tó péye lè ní kí oníṣẹ́ iná de SPD Type 2 (surge protector tó wà fún gbogbo ilé) mọ́ inú àpótí fúúsì, kó lè dáàbò bo gbogbo ilé. Gáàdì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí ògiri, kí surge protector wà lára rẹ̀, kí UPS tẹ̀lé e. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù sára gáàdì TV yẹn o, kò lè gbé e.