Fujifilm X100VI: kámẹ́rà kékeré olówó ńlá lábẹ́ oòrùn Àbújá

Ẹni tó bá ń wá kámẹ́rà tí yóò máa fi iṣẹ́ ọ̀wàǹbẹ̀ jẹun kò gbọdọ̀ ra Fujifilm X100VI, bó ti wù kí àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì máa yìn ín tó. Ẹni tó wà fún ni ẹni tó ń rin ìgboro tàbí tó ń jókòó láàárín ẹbí rẹ̀, tó fẹ́ fọ́tò tó dára ju ti fóònù lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ gbé àpò tó kún fún lẹ́ǹsì kọ́ èjìká. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Àbújá, n kò tíì rí kámẹ́rà kékeré tó tó o, àyàfi pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi ohun kan sílẹ̀ láìṣe, ohun náà kò sì ṣeé fojú fò nílẹ̀ eléruku bíi tiwa.

Oṣù Èrèlè ọdún 2024 ni wọ́n kéde rẹ̀, òun sì ni ìkẹfà nínú ìran tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú X100 àkọ́kọ́ tí wọ́n fi han ayé ní 2010. Megapixel (mílíọ̀nù àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 12 ni ti àkọ́kọ́ ní; ti èyí jẹ́ 40. Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, 23mm tó ń ṣí dé f/2 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí gbòòrò tó), kò ṣeé yọ, kì í sì í fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Dọ́là 1,599 ni wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde, nítorí náà oníṣòwò Wuse 2 tí a bá béèrè iye rẹ̀ ní náírà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó dáhùn.

Bó ṣe ń bá oòrùn jà ló mú mi gba tirẹ̀. Ní ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ẹni tó ṣí lẹ́ǹsì dé f/2 kí ẹ̀yìn ẹni tó ń yà lè rí bàìbàì, tó sì fi ISO (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) sí 125, yóò rí i pé ìmọ́lẹ̀ náà ń béèrè ìyára bí ìdá kan nínú 8000 ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí, tó sì ń pa dé fún ìmọ́lẹ̀) tó wà nínú lẹ́ǹsì yìí kò lè yára ju ìdá kan nínú 4000 lọ. Níbí ni asẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n kọ́ mọ́ inú rẹ̀, ìyẹn ND, ti wúlò. Ìdá kan péré nínú 16 ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kó wọlé, ìyára á sì rọra wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú 500, láìjẹ́ pé a so ohunkóhun mọ́ ojú lẹ́ǹsì.

Ara aṣọ funfun ni àǹfààní yìí ti hàn jù. Mo ya bàbá kan tí wọ́n wọ agbádá funfun nígbà tí wọ́n ń jáde láti gbọ̀ngàn ìnáwó kan ní Garki. Lábẹ́ irú oòrùn bẹ́ẹ̀, nínú kí agbádá jó dànù àti kí ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣókùnkùn, ọ̀kan ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. X100VI ní ètò DR400 tó ń dáàbò bo ibi tó mọ́lẹ̀ jù, tó sì ń gbé ibi tó ṣú sókè, ṣùgbọ́n kò ṣeé lò àfi kí ISO dé 500, èyí tí oòrùn ọ̀sán àti f/2 kò ní gbà láìsí ND. Nígbà tí mo pa méjèèjì pọ̀, òwú iṣẹ́ ọrùn agbádá náà hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá sì hàn kedere pẹ̀lú òógùn tó sẹ́ sí wọn níwájú orí.

Ogún oríṣi àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ṣe àfarawé fíìmù ayé àtijọ́. Reala Ace ni mo yàn fún aṣọ òfì, nítorí pé àlàárì pọ́n bó ṣe yẹ kó pọ́n, etù kò sì di dúdú lásán. Classic Chrome tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pariwo máa ń pa àwọ̀ kú díẹ̀. Ó bá òkúta Zuma mu nínú ọyẹ́, kò bá ìyàwó tuntun mu.

Nígbà tí oòrùn kò jẹ́ kí a rí ojú skíríìnì ẹ̀yìn, ihò tí a ń yọjú wò ló kù, méjì sì ni èyí ní nínú ẹyọ kan: gíláàsì lásán tí a fi ń wo ìta, àti skíríìnì kékeré tó ń fi bí fọ́tò yóò ṣe rí hàn. Ọwọ́ kékeré kan wà níwájú tí a fi ń pààrọ̀ wọn. Ẹni tí iná kì í dúró ládùúgbò rẹ̀ yóò fẹ́ràn gíláàsì náà, nítorí pé bátìrì ń ya nǹkan bí fọ́tò 450 pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n 310 péré pẹ̀lú skíríìnì. Power bank tó ní USB-C náà sì lè fi agbára kún un.

Ṣọ́tà rẹ̀ kò pariwo rárá. Níbi ìgbéyàwó nínú mọ́ṣáláṣí tàbí àdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó jókòó tì mí kò mọ ìgbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́, àwọn oníṣòwò ọjà Wuse kò sì ka nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ sí. (Ní àdúgbò Three Arms Zone, ibi tí àwọn ilé ìjọba àpapọ̀ wà, kò sí kámẹ́rà tó kéré tó láti yẹ ojú ẹ̀ṣọ́, kí ẹ fi sápò.) Ohun tó ń dẹ́kun gbígbọ̀n ọwọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì dára lálẹ́ fún ilé àti àtùpà òpópónà, àmọ́ kò lè mú ẹni tó ń jó dúró sójú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kò ní rí owó tí wọ́n ń ná lé alága ìdúró lórí: a lè gé fọ́tò náà kó dà bíi ti lẹ́ǹsì 50mm tàbí 70mm, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó nílò kó fa nǹkan súnmọ́ tòsí yẹ kó wo Sony RX100 VII, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sínú kámẹ́rà, kéré púpọ̀ sí èyí.

Ní ti àléébù ńlá, eruku ni. Nítorí pé a kì í yọ lẹ́ǹsì, eruku kò rí ọ̀nà tààrà gbà dé orí sẹ́ńsọ̀, ṣùgbọ́n iwájú lẹ́ǹsì náà kò dí pátápátá àfi kí a ra òrùka AR-X100 àti gíláàsì ìdáàbòbò 49mm kún un, méjèèjì kò sì sí nínú páálí. Nígbà ọyẹ́, mo ń rí eruku lẹ́búlẹ́bú nínú àlàfo òrùka tí a fi ń yí nọ́ńbà f, bẹ́ẹ̀ ojú pópó Kubwa lásán ni mo gbà. Kò dára kí ilé iṣẹ́ gba irú owó báyìí, kí ó tún ní kí oníbàárà lọ ra ìdérí.

Ooru náà ni kí a má gbàgbé. Ó lè ya fídíò 6.2K tó mọ́ kedere gan-an, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ooru 40 Celsius ni olùṣe rẹ̀ fi ààlà sí, Sokoto àti Maiduguri sì máa ń kọjá ibẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe. Ẹni tó bá ń gbé lọ́hùn-ún, kí ó máa ya fídíò tirẹ̀ ní òwúrọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, kí ó má sì fi kámẹ́rà náà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn.