Sethe àbí Yéjídé?

Ẹni tó bá bi mí pé èwo ni kóun kọ́kọ́ kà nínú Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ (2017) àti Beloved ti Toni Morrison (1987), Yéjídé inú Stay With Me ni màá ní kó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹ̀, torí ilé wa ni, Iléṣà, ìyàwó tó ní sàlúùnù, ìyá ọkọ ń yọ ọ́ lẹ́nu ọmọ, ó wá bímọ tán, fòníkú-fọ̀ladìde ti wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni o, síbẹ̀ nígbà tó fi máa kan Rótìmí, ọmọ ẹ̀ kẹta, ẹ̀rù àtifẹ́ràn ọmọ ti ń bà á.

Ti Sethe inú Beloved ló wúwo jù fún mi ṣá. Ó sá lóko ẹrú ní Kentucky dé Ohio, wọ́n wá mú un, ló bá fọwọ́ ara ẹ̀ pa ọmọ ẹ̀ kí wọ́n má baà kó o padà sóko ẹrú (irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Margaret Garner, obìnrin ẹrú kan ní Amẹ́ríkà, lóòótọ́ lọ́dún 1856). Òkúta sàréè ọmọ yẹn ló pa mí lẹ́kún: ara ẹ̀ ló fi san owó fẹ́ni tó gbẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ kan péré ló rí gbà sórí ẹ̀. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Àmọ́ Denver, ọmọ tó ṣẹ́ kù, ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀, òun ni ò lè jáde kọjá ọgbà ilé mọ́.