Ẹni tó jà láti wọ kíláàsì, ẹni tó jáde kúrò níbẹ̀: Malala àti Greta

Ọmọ ọdún 15 ni àwọn méjèèjì nígbà tí òkìkí wọn kàn káyé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi mú ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ gan-an.

Malala Yousafzai ń jà kó lè kàwé ni. Ní àfonífojì Swat ní Pakistan, àwọn Taliban ní kí ọmọbìnrin má lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Ó takò wọ́n ní gbangba, wọ́n sì yìnbọn fún un nínú ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2012. Síbẹ̀ kò panu mọ́. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2014.

Greta Thunberg ní tirẹ̀ pa kíláàsì tì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ó lọ jókòó síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Sweden láti fi ẹ̀hónú hàn nítorí ojú ọjọ́ ayé tó ń yí padà. Nígbà tó yá, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀rọ̀ ìdílé wọn ló wọ̀ mí lára jù. Bàbá Malala, tó ń darí ilé ẹ̀kọ́, ló kọ́kọ́ là á lójú. Nílé Greta, ọmọ ló yí òbí lọ́kàn padà: ìyá rẹ̀, olórin opera, kò wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́, nítorí èéfín ọkọ̀ náà ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ìyẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó gba kí àgbà gbọ́ràn sí ọmọ lẹ́nu.

Bí ọ̀dọ́ bá bi mí léèrè, Malala ni màá kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ọmọ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ mọ́ kò tilẹ̀ ní kíláàsì tó lè jáde kúrò nínú rẹ̀.