RTX 5070 Ti àti RX 9070 XT: èwo ló tó owó tí à ń ná lé e l'Ékòó?

Bí owó káàdì graphics méjèèjì yìí, tó ń ya àwòrán géèmù nínú kọ̀ǹpútà, bá dọ́gba, RTX 5070 Ti ni kí ẹ gbé. Ṣùgbọ́n owó wọn kì í dọ́gba, ì báà jẹ́ ní Computer Village n'Íkẹjà, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á láti Island. $749 ni Nvidia fi lé 5070 Ti nígbà tó jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2025. $599 ni AMD fi lé RX 9070 XT ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún kan náà. Ní tiwa, iye tí dọ́là wà, kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè ọlọ́jà ti da iye yẹn rú, nítorí náà àlàfo àárín méjèèjì ni kí ẹ ṣírò. Bí 5070 Ti bá fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 wọ́n ju èkejì lọ, ẹ gbé e. Bó bá ti tó ìdá 25, tó sì jẹ́ géèmù nìkan lẹ fẹ́ fi ṣe, 9070 XT ni kí ẹ rà, kí ẹ fi owó tó ṣẹ́kù tún iná ilé yín ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé Èkó, ibẹ̀ yẹn ni mo dúró sí.

Àwọn méjèèjì ní mẹ́mórì 16GB lórí 256-bit. GDDR7 ni ti Nvidia, tó ń gbé 896GB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. GDDR6 ni ti AMD, 640GB ló ń gbé. Lórí ìwé, ìyàtọ̀ náà pọ̀, àmọ́ AMD fi cache 64MB (mẹ́mórì kékeré tó yára) tó wà nínú chip rẹ̀ dí apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Nínú géèmù tí ẹ kò tan ray tracing (ìṣirò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn) sí, ní ìwọ̀n àwòrán 1440p tàbí 4K, 5070 Ti ló sábà máa ń ṣíwájú, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Call of Duty tilẹ̀ wà lára àwọn tí 9070 XT ti máa ń gba iwájú. Ẹ kò lè fojú rí ìyàtọ̀ ìdá 5 lórí mọnítọ̀ 165Hz.

Bó bá jẹ́ mọnítọ̀ 1080p lẹ ní, ẹ má tíì ra èyíkéyìí nínú wọn. Processor ni yóò máa dá káàdì dúró. Ryzen 5 3600 tàbí Core i5-10400, irú èyí tó kún inú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, kò yára tó láti máa fún káàdì yìí níṣẹ́ ṣe, owó yín á sì kàn jókòó sínú àpótí lásán. Mọnítọ̀ àti processor ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ray tracing ni ibi tí 5070 Ti ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ tan path tracing, ray tracing tó wúwo jù, nínú Cyberpunk 2077 tàbí Alan Wake 2, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ìdá 5: 9070 XT á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, èkejì á ṣì máa lọ. Òótọ́ ni pé AMD ti ṣe dáadáa níbí ju ìgbà 7900 XTX, káàdì rẹ̀ àtijọ́, lọ, ray tracing oníwọ̀nba kì í ni í lára mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn géèmù tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹni tó jẹ́ pé EA FC, Call of Duty àti Fortnite ló ń gbá láti Jánúárì dé Dìsẹ́ḿbà kò ní ìdí láti san owó path tracing.

Ní ti DLSS 4 (ti Nvidia) àti FSR 4 (ti AMD), àwọn méjèèjì máa ń ya àwòrán ní ìwọ̀n kékeré, wọ́n á wá fi AI fẹ̀ ẹ́ dé 4K. FSR 4 dára gan-an; ìdọ̀tí tó máa ń hàn lára ewé àti irun nínú FSR àtijọ́ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Iye géèmù ni Nvidia fi jù ú lọ. DLSS ti wà nínú ọ̀pọ̀ géèmù láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ sì lè fi Nvidia App sọ ti àtijọ́ di tuntun. Lọ́dọ̀ AMD, géèmù ní láti ti ní FSR 3.1 kí ẹ tó lè yí i sí FSR 4 nínú Adrenalin, app AMD. Ọlọ́jà á tún sọ fún yín pé Multi Frame Generation ti Nvidia ń sọ fps (iye férémù ní ìṣẹ́jú àáyá kan) di ìlọ́po mẹ́rin. Férémù mẹ́ta tí káàdì fúnra rẹ̀ hun ló ń fi sí ẹ̀yìn ojúlówó kan. Bí ojúlówó kò bá tó 60, nọ́ńbà á ga lójú, ṣùgbọ́n máòsì á máa wúwo lọ́wọ́, ẹ ó sì kú níwájú ẹni tó yìnbọn lẹ́yìn yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná, òun gan-an ni kókó. 304W ni AMD kọ fún tirẹ̀, 300W ni Nvidia kọ, nítorí náà owó iná kò lè yà wọ́n. Kọ̀ǹpútà tó ní ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú Ryzen 7 máa ń fa nǹkan bí 450W sí 500W lára ògiri. Wákàtí mẹ́rin jẹ́ unit méjì. Bí ẹ bá fi ₦209.50 tí unit Band A bọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 ṣírò, ₦419 ni lójúmọ́, kí VAT tó gun orí rẹ̀. Ẹni tó lówó káàdì yìí lè san án. Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, àti ìgbà tí wọ́n bá gbé e dé, ni ewu wà.

Inverter tó kéré jù fún iṣẹ́ yìí ni 1.5kVA tó jẹ́ pure sine wave, tí iná rẹ̀ dà bíi ti NEPA. Ẹ má wo 1,500 tí ẹ rí yẹn. 1,200W ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lè gbé ní tòótọ́, àwọn káàdì yìí sì máa ń fa iná lójijì kọjá iye tí wọ́n kọ sí wọn lára, kó tó tún sọ̀kalẹ̀. Bí fìríìjì bá wà lórí inverter kan náà, kó máa tiraka fún ara rẹ̀ ni. Modified sine wave, irú tó pọ́ọ́kú, kì í bá power supply (àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà) tó ní active PFC (ohun tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe) rẹ́: á máa kùn, á máa gbóná, ó sì lè pa lójijì.

Ẹ wo ẹ̀yìn inverter yín bóyá ó ní switch tí wọ́n kọ UPS sí. Ní ipò yòókù, ó lè gba 20ms sí 40ms kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ NEPA, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 16ms ni power supply lè fara dà bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi máa ń kú, tó tún ń tan padà, tí gílóòbù yàrá kò sì ṣẹ́jú rárá. Ẹ yí i sí UPS.

Bátìrì tubular 12V 220Ah méjì jẹ́ 5,280Wh. Ká má lò ju ìdajì lọ kí bátìrì má bàa tètè darúgbó, ká yọ ìdá 15 tí inverter á jẹ, ó ku nǹkan bí 2,240Wh. Ní 500W, wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ló máa gbà. Ní 380W, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́fà. Kò sì ṣòro láti dé 380W. Lórí 9070 XT, ẹ ṣí Adrenalin, Performance, Tuning, ẹ mú Custom. Ẹ fà Power Limit sí -20%, ẹ fà voltage sí -50mV, kí ẹ wá máa fi 10mV 10mV wálẹ̀. Àwọn kan á gbà títí dé -100, àwọn mìíràn á ti máa jáde kúrò nínú géèmù ní -60. Bí Adrenalin bá ti kọ driver timeout, ẹ padà sókè díẹ̀. Lórí 5070 Ti, app MSI Afterburner ni: ẹ tẹ Ctrl+F, ẹ gbé àmì 925mV dé 2,700MHz, ẹ jẹ́ kí gbogbo èyí tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ tẹ Apply. Lẹ́yìn náà, ẹ dá fps dúró sí 90. Fps tí ẹ pàdánù kéré, wákàtí tí ẹ rí gbà lórí bátìrì pọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, I better pass my neighbour, kò sí lára ohun tí a ń sọ. Fóltéèjì rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ẹrù náà sì pọ̀ jù fún un.

Power supply 750W ni ilé iṣẹ́ méjèèjì ní kí ẹ lò. Ẹ yan èyí tí wọ́n kọ 100–240V sí lára, torí nígbà tí iná àdúgbò bá wálẹ̀ dé 160V, irú rẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́. Èyí tó jẹ́ 200–240V nìkan á pa. Èyí tí wọ́n kọ 850W sí lára, tó wá fúyẹ́ lọ́wọ́ bí àpótí òfìfo, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Ọ̀pọ̀ 9070 XT ń lo 8-pin méjì tàbí mẹ́ta. Wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi wáyà kan tó ní orí méjì bọ́ gbogbo rẹ̀, torí 150W ni 8-pin kan wà fún. 5070 Ti ń lo 16-pin pẹ̀lú adapter inú páálí. Ẹ tì í títí á fi dún, kí ẹ má sì tẹ wáyà náà lọ́rùn ní ibi tó ti jáde gẹ́ẹ́. Èyí tí kò wọlé tán ló sábà máa ń jóná. Ní tèmi, 8-pin bá àwọn onímọ̀ẹ̀rọ àdúgbò wa mu jù, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n fi sí.

Ooru náà wà níbẹ̀. Nínú yàrá tí kò ní AC l'Ékòó, mẹ́mórì 9070 XT á máa sún mọ́ 90°C nínú app HWiNFO. Kì í ṣe àrùn, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àpótí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n, pẹ̀lú fáànù méjì tó ń fa atẹ́gùn wọlé. Ẹ máa fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà kan náà jẹun, tó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó tàbí tó ń fi Blender (app àwòrán 3D) ṣiṣẹ́, ó yàtọ̀. 5070 Ti ni kó san owó rẹ̀, àlàfo yòówù kó wà. Blender ń yára lórí Nvidia gan-an, fídíò 4:2:2 10-bit tí àwọn kámẹ́rà Sony ń yà sì ń lọ geere lórí rẹ̀, kò ní di ẹrù processor.

Kí ẹ tó sanwó lọ́jà, ẹ ní kí wọ́n tan káàdì náà lójú yín, kí ẹ sì ṣí GPU-Z, app tó ń sọ ohun tó wà nínú káàdì. 5070 Ti gbọ́dọ̀ ní 8,960 shaders àti 96 ROPs (àwọn ẹ̀yà inú chip tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán). Àwọn díẹ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ROPs 88, Nvidia fúnra rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀ ní 2025. Ẹ má gbà á. 9070 XT gbọ́dọ̀ ní 4,096 shaders. Bó bá jẹ́ 3,584, RX 9070 lásán ni wọ́n ń tà fún yín. Bó bá jẹ́ ayédèrú, GPU-Z á kọ [FAKE] síwájú orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó sáré nínú géèmù tàbí FurMark fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ máa wo ooru rẹ̀: bí hot spot 9070 XT, ibi tó gbóná jù nínú chip, bá ń sún mọ́ 110°C (5070 Ti kì í fi tirẹ̀ hàn), tí fáànù ń pariwo, tí clock (iyára chip) ń já wálẹ̀, òmíràn ni kí wọ́n gbé wá.