Ayẹyẹ orin Gnawa ní Essaouira: ibi tí owó mi ti ṣiṣẹ́ àti ibi tó ti ṣòfò

Owó ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ni gbogbo èèyàn ń bi mí. Ọ̀fẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú eré ayẹyẹ yìí, tí wọ́n ń ṣe ní Essaouira, ìlú etí òkun kan ní Mòrókò. Ìtàgé ńlá wà ní gbàgede Moulay Hassan, láàárín odi ìlú àtijọ́ àti èbúté. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbà á lè dúró wòran dòru, kò sẹ́ni tó máa béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn eré kéékèèké tí wọ́n ń ṣe nínú ilé àtijọ́ àti ní zaouia, ìyẹn ilé ìjọsìn ẹgbẹ́ ẹ̀sìn, níbi tí èrò kì í pọ̀, ni à ń sanwó fún. Mo wo méjèèjì. Tí mo bá tún fẹ́ lọ, tíkẹ́ẹ̀tì inú ilé ni màá kọ́kọ́ rà kí n tó ra ti bàálù.

Fún ẹni tí kò gbọ́ nípa wọn rí: ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni àwọn Gnawa. Orúkọ Bambara àti Haúsá ṣì ń jáde nínú orin wọn títí dòní. Mùsùlùmí ni wọ́n, Bilali tó jẹ́ ẹrú kó tó di ẹni tó ń pe ìrun fún Ànábì ni wọ́n sì kà sí baba. Orin òru ni orin wọn. Láti alẹ́ di ìdájí ni wọ́n ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní lila. Tùràrí á máa rú, àwọ̀ aṣọ á máa yí padà bí wọ́n ṣe ń ké sí ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀mí á fi gun ẹnì kan nínú àwọn tó jókòó. Ẹni tó bá ti rí elégùn Ṣàngó rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Ní ọdún 2019 ni UNESCO fi Gnawa sínú àkójọ àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ṣùgbọ́n láti 1998 ni ayẹyẹ Essaouira ti ń pe èrò jọ. Oṣù kẹfà ni wọ́n ń ṣe é lóde òní.

Maâlem ni ọ̀gá wọn. Òun ló ń ta guembri, òun ló ń dá orin, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbè. Inú ilé kan tí orí ẹní la ti jókòó ni mo ti rí guembri yìí nítòsí débi pé mo lè nawọ́ kàn án. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ jáde bí ọpọ́n, wọ́n wá fi awọ ọrùn ràkúnmí bò ó lójú. Okùn mẹ́ta ló ní, ọ̀kan nínú wọn kúrú, kò gun ọ̀pá dé òkè. Wọ́n ki abala irin kan tó ní òrùka wẹ́wẹ́ yíká etí rẹ̀ bọ orí ọ̀pá náà, kò sì sígbà tí maâlem ta okùn tí irin yẹn kò ní ṣe ṣaworo. Ọwọ́ kan náà tó ń ta okùn ló tún ń gbá awọ. Ẹ ó máa wá ẹni tó ń lu ìlù, ẹ ò ní rí i.

Qraqeb ni èkejì, irin pẹlẹbẹ méjì-méjì tí wọ́n ń gbá pọ̀ ní ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ fi òwú sí àpò. Mi ò ṣàwàdà. Tí ọmọkùnrin mẹ́fà bá kó irin yẹn bolẹ̀ nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ kò ga, eyín ẹnu yín yóò máa gbọ̀n. Owó ẹyọ ni wọ́n tò sára fìlà wọn, pẹ̀lú okùn gígùn kan láàárín orí tí wọ́n ń fi ọrùn jù yí bírípó, orin kò sì dúró. Obìnrin kan tó jókòó tì mí, ọmọ ìlú náà, kò wo ẹnu wọn rárá, ẹsẹ̀ wọn ló ń wò. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ fún ara wọn pé orin fẹ́ yí padà.

Ìdí tí mo fi lọ gan-an ni pé mo fẹ́ mọ bí olórin inú zaouia ṣe ń dé òkè òkun. Mahmoud Guinia, ọmọ Essaouira, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1994, Pharoah Sanders, ọ̀gá nínú àwọn afọnfèrè jáàsì Amẹ́ríkà, dìde láti ilé rẹ̀ wá bá a ní Essaouira, Bill Laswell sì gba orin wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe Guinia ló lọ wá a. Kódà nígbà tí ọjọ́ lọ, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin, James Holden àti Floating Points, tún wá bá a ṣe àwo tó jáde ní 2015. Ní ayẹyẹ ọdún yẹn kan náà ló gbé guembri rẹ̀ lé Houssam ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lórí ìtàgé, lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó jáde láyé. Títí di ìsinsìnyí, àwọn ará ìlú kò lè sọ nípa alẹ́ ọjọ́ yẹn kí ohùn wọn má yí padà.

Hassan Hakmoun ní tirẹ̀ lọ. Ọmọ Marrakech ni, New York ló wọ̀ sí ní 1987, ó sì fi guembri bọ́ sí àárín àwọn olórin jáàsì àti rọ́ọ̀kì. Ilé iṣẹ́ Peter Gabriel, olórin Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé àwo rẹ̀ jáde ní 1993, ó sì ṣeré ní ayẹyẹ Woodstock ti 1994 ní Amẹ́ríkà. Abdellah El Gourd ti Tangier wá wà láàárín méjèèjì: Randy Weston, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń tẹ dùùrù, ló wá gbé ìlú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ rìn káyé fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ ilé rẹ̀ ní Tangier ni El Gourd sọ di ibi ẹ̀kọ́ Gnawa. Nínú àwọn ọ̀dọ́, Asmaa Hamzaoui ni kí ẹ wá. Casablanca ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ maâlem ló kọ́ ọ ní guembri, ohun tí obìnrin kì í sábà fọwọ́ kàn. Obìnrin ni gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, Bnat Timbouktou. Yúróòpù ti ń pè wọ́n, Sweden ni àwo wọn ti 2019 sì ti jáde.

Ẹ fi èyí wé àwọn ọmọ Mòrókò tí gbogbo ayé mọ̀. Samira Said ti Rabat, Íjíbítì ló kó lọ kó tó di ìràwọ̀ gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá. Orin òyìnbó láti Bronx ní New York ni French Montana fi mi ìlú tìtì ní 2017. RedOne, ọmọ Tetouan, gba Sweden kọjá sí Amẹ́ríkà, òun ló wà nídìí orin tí Lady Gaga fi kọ́kọ́ yọrí. Gbogbo wọn ló wọ ilé onílé kí wọ́n tó rí ọ̀nà lọ. Saad Lamjarred nìkan ló já ọ̀rọ̀ yìí nírọ́: Lárúbáwá ti ilé ló fi kọ orin rẹ̀ ti 2015, fídíò rẹ̀ sì ti kọjá bílíọ̀nù kan ìwòran lórí YouTube. Àwọn wọ̀nyí lẹ ó gbọ́ nínú takisí. Onítakisí tó gbé mi ní Marrakech gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí, kíá ló fi CKay sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ nílé, èyí tí ElGrandeToto ti Casablanca bá a kọ ni. Ẹni tó bá jẹ́ irú èyí ló ń wá, ayẹyẹ orin Mawazine ní Rabat ni kó lọ, kó fi Essaouira sílẹ̀.

Ó wá ku ohun tí ayẹyẹ yìí fi ń lérí jù: kí wọ́n da maâlem pọ̀ mọ́ olórin àlejò lórí ìtàgé ńlá. Mo ti gbọ́ ìyìn rẹ̀ tó. Ní tèmi, ibẹ̀ ló kù sí. Maâlem Hamid El Kasri bọ́ síta, ohùn rẹ̀ kún gbàgede láìsí wàhálà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọmọdé lórí èjìká bàbá wọn pẹ̀lú. Ara mi gbóná. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n kó ẹgbẹ́ kan láti Yúróòpù ti maâlem mìíràn, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń lu ìlù fún wọn kò fetí sílẹ̀ rárá. Qraqeb ní bó ṣe máa ń tẹ síwájú díẹ̀díẹ̀, tí eré rẹ̀ ń yá sí i lábẹ́lẹ̀. Ọkùnrin yìí dúró sójú kan gbagidi bí aago. Guembri kò sì dún mọ́, torí ẹni tó ń tọ́jú sípíkà gbé gìtá sókè jù. Gbogbo ohun tí mo rí ni ìka maâlem tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ títí eré fi parí, àgbà ni.

Ibi tó ti ń dára ni ibi tí àlejò bá ti gbà pé ọmọ ẹ̀yìn ni òun. Ìyẹn ni Pharoah Sanders ṣe, ẹ gbọ́ àwo náà: fèrè rẹ̀ ń dúró de guembri.

Nípa ìlú: afẹ́fẹ́. Ẹ má torí pé Áfíríkà ni kó aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan lọ. Afẹ́fẹ́ òkun Essaouira kì í sinmi, tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, òtútù á mú yín lójú ìtàgé. Mo ra jálàbíà onírun ní ọjà lọ́jọ́ kejì, mo dúnàádúrà dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè, ó sì ṣì jẹ èrè lórí mi. Sàdíìnì yíyan létí èbúté dára, kò sì wọ́n, àmọ́ ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lé iná. Ilé àlejò tí mo wọ̀ ni ìjọba ìyà: wọ́n ti gba owó mi láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo dé, wọ́n ní yàrá mi ti di ti ẹlòmíràn, wọ́n wá tẹ́ ibùsùn fún mi lórí òrùlé, nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò padé. Kí ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa dé. Ìlú náà kéré, èrò ọjọ́ mẹ́ta yẹn sì ju ibùsùn lọ.

Àwọn amọ̀nà á sọ fún yín pé ilé ahoro tó wà létíkun ní Diabat ló mú Jimi Hendrix, ata-gìtá Amẹ́ríkà, kọ orin rẹ̀ nípa ilé tí wọ́n fi iyanrìn kọ́. 1967 ni orin yẹn jáde; 1969 ló tó wá sí Essaouira. Ẹ gbọ́ ìtàn náà, ẹ má sanwó fún un.

Láti Marrakech, bíi wákàtí mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì ń gbà. Ẹ ra ti àlọ àti ti àbọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí láàárọ̀ ọjọ́ tí ayẹyẹ bá parí, gbogbo èèyàn ló fẹ́ kúrò nílùú nígbà kan náà, àwọn onítakisí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.